Bí Mo Ṣe Yan Àwo Orin Mẹ́wàá Láti Ìgbà Èwe Mi, 1980 sí 1989

Àwo mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ yan nínú gbogbo èyí tí mo fi etí jẹ láàárín 1980 sí 1989. Ọ̀sẹ̀ 9 ni iṣẹ́ náà gbà. Ohun tó mú kó pẹ́ ni pé orin la máa ń rántí, a kì í rántí àwo. Ẹ bi ẹni tó ní òun fẹ́ràn àwo kan pé kí ni wọ́n kọ sí ojú kejì rẹ̀, ó lè má mọ̀. Orin kan ṣoṣo tí rédíò ń gbé lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń lù níbi ìkómọ àti òkú àgbà, ló ti gba orúkọ gbogbo àwo mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, òfin àgbà tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ni pé àwo tí n óò yàn gbọ́dọ̀ dúró láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti balẹ̀ lójú kìíní títí yóò fi kan bébà róbótó tó wà láàrin ojú kejì.

Ààlà ni mo kọ́kọ́ pa. Ọdún tí àwo jáde gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín 1980 sí 1989, mo sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà. Òfin kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lé gbogbo àwo tí mo mọ̀ nígbà tí mo ti dàgbà jáde, bó ti wù kí ó dára tó, nítorí ohun tí àgbà fẹ́ràn kọ́ ni mò ń wá. Òfin ọdún náà sì lé àwọn tí ilé wa kò fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ lílù dànù. Oroki Social Club ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, 1971 ni. Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní 1980, púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ti jáde ṣáájú. Ó dùn mí láti fa igi lé àwọn yẹn, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan, gbogbo àpàlà àti sákárà ọdún 1970 ni yóò wọlé tẹ̀ lé e.

Òfin kẹta ni pé n kò gba àwo àkójọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ara àwo mìíràn ṣa orin jọ. Legend ti Bob Marley ló máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà níbí. 1984 ló jáde, ọdún kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí kò dé. Ṣùgbọ́n àwọn orin tó yọrí jù lọ ni wọ́n kó síbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè fi òfin àgbà tí mo ṣe dán an wò. Bí Bob Marley bá máa wọlé, Uprising ti 1980 ni yóò bá wọlé.

Bí a ṣe ń mọ ọdún àwo: ẹ wo bébà àárín rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn páálí, ẹ wá lẹ́tà P tí wọ́n fi òdo yí ká, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọdún tí wọ́n gbé ohùn náà jáde. Ohun mẹ́ta ló máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé àwo lè wà nínú páálí ẹlòmíràn, pàápàá àwo tó ti rin ilé mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má gba páálí gbọ́. Ẹ gbé àwo síbi ìmọ́lẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ibi dídán tó yí bébà àárín ká sábà máa ń bá nọ́ńbà orí bébà náà mu. Èkejì ni orúkọ tó jọra. King Sunny Adé ṣe The Synchro System Movement ní 1976, ó tún ṣe Synchro System ní 1983. Àwo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá sì ń sọ "Synchro System" lẹ́nu lásán lè máa sọ èyí tí ẹ kò rò. Ẹ̀kẹta ni àwo tí kò ní ọdún lára rárá. Fún ìyẹn, mo wá àwo mìíràn láti ilé iṣẹ́ kan náà tí lẹ́tà iwájú nọ́ńbà wọn bára mu. Nọ́ńbà wọ̀nyí sábà máa ń tẹ̀ léra, nítorí náà bí èyí tó ṣáájú bá jẹ́ 1983 tí èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ 1984, àwo yín kò lè jìnnà.

Lẹ́yìn ààlà, mo mú ìwé àti báírò, mo kọ orúkọ àwo láti orí nìkan. N kò tíì fọwọ́ kan àpótí àwo, n kò sì wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ síbi àpótí, èyí tó ṣẹ́kù ni ẹ óò yàn dípò èyí tí ẹ fẹ́ràn. Èyí tí wọ́n yá tí wọn kò dá padà kì í sí nínú àpótí, àwo tí àwọn ènìyàn máa ń yá sì ni àwo tó dára. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, orúkọ 58 ló jáde.

Nígbà tí mo wá fi ìwé náà wé àwo àti kásẹ́ẹ̀tì, mo fa igi lé 13 nítorí ọdún, 9 jẹ́ àkójọ, 12 sì jẹ́ orin kan ṣoṣo tí mo ti rò pé odidi àwo ni. Ó ku 24. Nínú àwọn 12 yẹn, kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ló fa èyí tó pọ̀ jù. Kásẹ́ẹ̀tì C60 gba ìṣẹ́jú 30 lójú kan. Ojú àwo kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹni tó bá da ojú kìíní àwo sí ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì yóò rí i pé ìṣẹ́jú 10 ṣẹ́ kù, kò sì ní fẹ́ kó ṣòfò, yóò fi orin láti inú àwo mìíràn dí i. Ọmọ tó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún ọdún márùn-ún yóò dàgbà pẹ̀lú ìdánilójú pé àwo kan náà ni. C90 ló sàn díẹ̀, ìṣẹ́jú 45 ojú kan rẹ̀ gba odidi àwo tán. Nítorí náà, orin yòówù tó bá wà ní ìparí ojú kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ, ẹ fura sí i títí ẹ óò fi rí àwo gan-an.

Kí a tó dájọ́ àwo, ó yẹ kí a gbọ́ ọ dáadáa. Àwo onírọ́bà, ìyẹn èyí tó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, omi mímọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́: omi ìgò kan tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀, àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ méjì. Ẹ ṣọ́ra fún omi bátìrì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, nítorí òmíràn nínú rẹ̀ ní ásíìdì. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ máa ń fi funfun sílẹ̀ nínú ilà bó bá gbẹ, funfun yẹn ni ẹ óò máa gbọ́ bíi ìgbà tí àgbàdo ń ta nínú ìkòkò. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì nù ún yípo bí ilà ṣe lọ. Bí ẹ bá nù ún láti àárín síta, ẹ óò gé ilà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí bébà àárín rẹ̀ rin. Ẹ fà á dúró kí ó gbẹ nínú ilé, oòrùn ń tẹ àwo. Àwo àtijọ́ tó ń fọ́ bí àwo abọ́, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi sípíríìtì kàn án láéláé, yóò jẹ ẹ́.

Abẹ́rẹ́ tèmi, gíráàmù 2 ni mo jẹ́ kó fi tẹ àwo. Àwọn kan rò pé bó bá fúyẹ́ jù lọ ló dára. Ìtẹ̀ tó fúyẹ́ jù máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fò nígbà tí ìlù bá bẹ́, fífò yẹn ló sì ń ha àwo.

Lẹ́yìn náà ni ìyára. Ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti rọ̀ yóò máa lọ́ra, ohùn akọrin yóò wálẹ̀, ìlù yóò wúwo, ẹ óò sì ní àwo náà kò dùn bíi ti ìgbà náà. Mo gé bébà kékeré lẹ̀ mọ́ etí ibi tí àwo ń jókòó lé, mo tan aago fóònù, mo sì ka iye ìgbà tó kọjá. Ìgbà 100 gbọ́dọ̀ pé ní ìṣẹ́jú 3 géérégé. Tèmi kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 7. Bẹ́líìtì tuntun ló tún un ṣe, mo sì tún àwo mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ṣáájú gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo ti gba máàkì lọ́wọ́ wọn láìtọ́.

Ti kásẹ́ẹ̀tì kò pọ̀. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá fóòmù kékeré tó ń ti tépù mọ́ orí ẹ̀rọ ṣì wà, bó bá ti já, ohùn yóò máa lọ yóò máa bọ̀. Ẹ fi báírò yí i lọ títí dé òpin kí ẹ tún yí i padà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ lẹ́yìn gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Èyí tó bá ti hu funfun, ẹ má gbé e sí ẹ̀rọ, yóò kó èérí rẹ̀ ran gbogbo ìyókù.

Gbígbọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbọ́ àwo kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé, mo ń kọ ìṣẹ́jú tí ọkàn mi bá ṣáko. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kó máa lọ nígbà tí mo ń fọṣọ tàbí tí mò ń dáná, torí báyìí ni a ṣe ń gbọ́ orin nílé nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó wojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ 14, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ láti ojú kejì yìí ló wúlò jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Orin àkọ́kọ́ lójú kìíní ni ilé iṣẹ́ máa ń fi fa ènìyàn, adùn rẹ̀ a sì máa bo ìyókù mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn wọlé, ìyókù yóò ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń dájọ́. Ṣé mo lè fi ẹnu kọ nǹkan kan láti ojú kejì kí n tó gbé e sí i? Níbo ni ọwọ́ mi ti fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ kúrò? Bí mo bá yọ orin tó lókìkí jù dànù, ṣé àwo ṣì wà? N kò fún àwo kankan ní máàkì nínú 10. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, 7 àti 8 ni gbogbo wọn gbà, kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kejì kò ṣeé bi gbogbo irú orin bákan náà. Nínú jùjú àti fuji, àkọlé márùn-ún tàbí mẹ́fà lè wà lẹ́yìn páálí, ṣùgbọ́n orin kan kì í dá kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń mú wọn kọjá, ojú àwo kan ṣoṣo sì jẹ́ ìrìn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń fo "orin" nínú rẹ̀ ti gé ìrìn náà. Ti Fẹlá tún yàtọ̀: ohun èlò lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ohùn rẹ̀ tó wọlé, ẹni tó bá sì dá a lẹ́jọ́ kí ohùn tó wọlé kò tíì gbọ́ ohun tó ń dájọ́.

Láti 24 sí 10, ìdíje méjìméjì ni mo ṣe, irú pẹ̀lú irú. N kò gbé reggae ko fuji títí di ìparí, torí kò sí ohun tí èsì irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lè kọ́ ènìyàn. Mo sì fi òfin kan kún un: olórin kan, àwo kan.

King Sunny Adé ló mú kí òfin yẹn pọn dandan. Ilé iṣẹ́ àwo Island gbé àwo mẹ́ta rẹ̀ jáde tẹ̀ léra: Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984. Àwọn tó fẹ́ràn àwo ilé máa ń sọ pé Juju Music gé orin kúrú fún etí òyìnbó, òótọ́ sì ni pé orin 7 ló wà níbẹ̀, tí a ti mọ òmíràn nínú wọn ní gígùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ "Ja Funmi" pẹ̀lú etí tó mọ́. Àyè tó wà láàárín jìtá kan àti èkejì pọ̀ débi pé ẹ lè tọ́ka síbi tí olúkúlùkù jókòó sí, jìtá tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń tẹ́ kalẹ̀ ta sì ń gba ojú ọ̀run kọjá lórí wọn. Ní "365 Is My Number/The Message", ìlù nìkan ló kù ní ìparí, n kò sì rí ibi tí ọwọ́ mi ti fẹ́ gbé abẹ́rẹ́. Aura ní Stevie Wonder tó fọn fèrè ẹnu nínú "Ase", ó sì lo ẹ̀rọ tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ yẹn ti gbó lónìí, ti awọ kò gbó. Juju Music ló wọlé.

Ebenezer Obey fún mi níṣẹ́, nítorí ọdún 1970 ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ Ká Jó, tí ilé iṣẹ́ àwo Virgin gbé jáde ní 1983, ló kù fún mi láàárín ààlà. Ní ìgbà kejì tí mo gbọ́ ọ, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ilé, ó ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ gan-an, ìyẹn ló gbé e wọlé.

Nínú ti Fẹlá, Army Arrangement ti 1985 kọ́ wa pé kí a mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí Fẹlá wà lẹ́wọ̀n, Bill Laswell, ará Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ṣíṣe àwo, tún àwo náà tò, ó mú ọwọ́ àwọn olórin mìíràn wọ inú rẹ̀. Nítorí náà Army Arrangement méjì ló wà, ẹni méjì sì lè máa jiyàn lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Original Sufferhead ti 1981 ni mo yàn. Omi, iná, oúnjẹ, ilé: ohun tó ka sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ọmọ tó gbé garawa lọ pọn omi nígbà náà mọ̀ ọ́n.

Fuji ló gba àkókò jù. Mẹ́fà ló wà nínú 24 náà, pẹ̀lú Kollington Àyìnlá tó mú bàtá wọ fuji. Ohun tó máa ń mú ọkàn ṣáko nínú fuji ni ìkíni: a ń ki ẹni tí a kò mọ̀, tí ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ a tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkàn mi ń ṣáko níbẹ̀, mo yí ọ̀nà ìgbọ́ mi padà. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo ń kọ ìṣẹ́jú tí ìlù bá yí. Ibi tí ìkíni bá gùn, tí ìlù sì ń yí lábẹ́ rẹ̀, àwo náà ṣì ń lọ. Ibi tí méjèèjì bá jókòó pa pọ̀, ìrìn rẹ̀ ti dá. Fuji Garbage ti Síkírù Àyìndé Barrister, 1988, kò jókòó rárá. Talazo '84 ti Wàsíù Àyìndé náà kò jókòó, ó sì ní ìkánjú ọ̀dọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò nílò mọ́, torí lọ́dọ̀ Barrister ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ gbọ́ méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, ti 1984 ṣáájú. Mo mú méjèèjì.

Ace ti Shina Peters, 1989, wọlé láìjà. Láolú Akins ló bójú tó ṣíṣe rẹ̀. Wọ́n mú jùjú sáré, ìyára fuji wọ inú rẹ̀, dùùrù sì gba apá kan ipò jìtá. Ohun tí mo fi ìgbọ́ kẹta mọ̀ ni pé ojú kejì rẹ̀ kò rẹ̀ ju ojú kìíní lọ.

Ever Liked My Person? ti Christy Essien-Igbokwe, 1981, ni "Seun Rere" wà. Ọmọ Yorùbá kọ́ ni obìnrin náà, síbẹ̀ orin yẹn di ohun tí ìyá ń fi kìlọ̀ fún ọmọ. Mo yọ ọ́ kúrò bí òfin ṣe wí, àwo náà ṣì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Prisoner of Conscience ti Majek Fashek, 1988, lẹ́yìn tí mo yọ "Send Down the Rain". Thriller ti Michael Jackson, 1982, ni kò gba irú ìdánwò yìí: orin 9 ló ní, 7 ni wọ́n tún gbé jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ bá yọ èyí tó lókìkí, orin méjì ló kù. Mo yọ "Billie Jean" nìkan, ó sì tó. Uprising kò ní wàhálà kankan. "Redemption Song" tó gbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ jìtá kan àti ohùn kan, lẹ́yìn orin 9 tí ẹgbẹ́ ti lù, kò sì sí ibòmíràn tí à bá tún fi í sí.

N kò tò wọ́n ní ipò. Bí ọdún ṣe tẹ̀ léra ni mo kọ wọ́n: Uprising, Ever Liked My Person?, Original Sufferhead, Juju Music, Thriller, Jẹ́ Ká Jó, Talazo '84, Fuji Garbage, Prisoner of Conscience, Ace. Mo wá da ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, ojú kan sí fáìlì kan, láìgé e sí orin kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè nígbà tí ẹ bá ń gbà á, kí ibi tó ga jù má kọjá -6 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), torí ohùn tó bá ti fọ́ nígbà gbígbà kò ṣeé tún ṣe. Àwo fúnra wọn wà ní ìnàró nínú àpótí, wọn kò fi ara lé ara, páálí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé pélébé kan tí mo kọ ọdún rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tí ọkàn mi ti ṣáko sí. Ti Ace nìkan ni kò ní ìṣẹ́jú kankan lórí.